Kòkó Ìbàdàn, Òkúta Abẹ́òkúta àti Etíkun Tí Òkun Gbé Lọ

Ìlú Ìbàdàn kò ní òkun. Omi tí àwọn ará ìlú náà mọ̀ ni odò Ọ̀nà, adágún Ẹlẹ́yẹlé tí ìjọba kọ́ ní ọdún 1942 kí omi ẹ̀rọ lè dé ilé, àti odò Ògùnpa, èyí tó ya wọ ilé àti ọjà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Síbẹ̀, bí ọdún Kérésìmesì, ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Iléyá bá ti dé, òkun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Bódìjà àti Agbówó máa ń fẹ́ lọ wò. Wọn a péjọ sí ibùdókọ̀ Challenge tàbí ti Ìwó Road, wọn a dá owó ọkọ̀ jọ, ó di Èkó. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún yóò sọ pé Bar Beach ni òun kọ́kọ́ dé. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún kò mọ Bar Beach rí. Ẹlẹ́gùṣì tàbí Tarkwa Bay ni yóò dárúkọ. Kì í ṣe pé wọ́n yí orúkọ padà. Etíkun tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Bí etíkun kan ṣe parẹ́, tí òmíràn sì yọ ní òdìkejì rẹ̀, kì í ṣe ìtàn Èkó nìkan. Òwò kòkó wà lára ohun tó fà á, Dùgbẹ̀ sì wà lára ibi tí kòkó náà ti gbéra.

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń wọ inú òkun jẹ́ ibi ẹ̀rù fún gbogbo atukọ̀. Yanrìn ti kó ara jọ sábẹ́ omi níbẹ̀ bí ebè gígùn. Ebè yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní bar, òun náà ni wọ́n sì fi sọ etíkun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè kọjá lórí rẹ̀. Ojú agbami ni ọkọ̀ máa ń dúró sí, wọn a wá kó ẹrù àti èrò sínú ọkọ̀ kéékèèké tó lè la ìgbì já. Ọkọ̀ a máa dojú dé, ẹrù a máa rì, ẹ̀mí a sì máa bá a lọ. Nígbà tí wàhálà náà pọ̀ jù, wọ́n a fi ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò jìn gbé ẹrù Èkó lọ títí dé Forcados ní agbègbè Delta, kí wọ́n tó tún un kó sínú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Liverpool. Ìṣirò àwọn oníṣòwò kò nira: owó tí wọ́n ń ná kí ẹrù Èkó tó kúrò ní Áfíríkà ti fẹ́ jẹ èrè rẹ̀ tán.

Ní ọdún 1896, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i fún ìlò ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ibi tí ọkọ̀ náà dúró sí ní Ìbàdàn kò sí láàárín ìlú àtijọ́, kò sí ní Ọjà'ba tàbí Mọ́ńpò. Apá ìwọ̀-oòrùn ni, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbòòrò, ibẹ̀ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó wá kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí, tí Dùgbẹ̀ sì fi di ojúde òwò ìlú tuntun. Kòkó ń ti oko wá lórí àwọn alárù, lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a dì í sínú àpò, ọkọ̀ ojú irin a gbé e lọ sí Èkó. Irin ti yanjú ìṣòro ilẹ̀. Ebè yanrìn ló ṣì kù lẹ́nu ọ̀nà òkun.

Láti ìparí ọ̀rúndún tó ṣáájú ni àwọn ẹnjiníà láti Lọ́ńdọ̀nù ti dábàá pé kí wọ́n fi òkúta mọ odi wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí omi ọ̀sà lè máa sáré kọjá láàárín wọn, kí ó sì máa gbá yanrìn lọ. Ní àkókò Gómìnà Walter Egerton ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gidi. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, odi méjì yọ jáde lójú òkun, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn. Èkó kò ní àpáta. Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ òkúta, ọ̀nà irin kan náà tó ń gbé kòkó sọ̀kalẹ̀ láti Ìbàdàn ló sì gbé òkúta náà lọ sí etí omi. Ètò náà ṣiṣẹ́. Ebè yanrìn jìn sílẹ̀, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nígbà tó sì di ọdún 1926 wọ́n ti kọ́ èbúté omi jíjìn sí Àpápá, ní iwájú ojú irin gan-an.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìnáwó ìjọba ni iṣẹ́ tí òkun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní etíkun ilẹ̀ yìí, ìgbì máa ń ti ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, kì í sì í kọlu ilẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wá. Nítorí náà, bí ó ti ń wó lulẹ̀ tó sì ń padà, ó ń ti yanrìn díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ẹ̀gbẹ́ Bàdágìrì lọ sí ẹ̀gbẹ́ Lẹ́kkí, lọ́sàn-án, lóru, láìsinmi. Etíkun Èkó kì í ṣe ohun tó dúró sójú kan. Odò yanrìn ni, ohun tí ó ń pàdánù lónìí ni ohun tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ń dí. Nígbà tí odi òkúta yọ sójú ọ̀nà, yanrìn dúró lẹ́yìn odi ìwọ̀-oòrùn. Etíkun ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, níbi tí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ wà, bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn ń pàdánù bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wọlé fún un mọ́. Láàárín ọdún 1900 sí 1959, òkun ti wọ inú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ odi ìlà-oòrùn ju kìlómítà kan lọ.

Àwọn ọdún tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ ní Èkó yìí náà ni Ìbàdàn tuntun ń dìde. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbára lé jù fún àwọn iṣẹ́ ńlá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, àwọn ilé Bódìjà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yọ láàárín àkókò yẹn, Pápá Ìṣeré Liberty tó wà ní Ring Road sì ṣí ní ọdún 1960. Ní ọdún 1965, wọ́n parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ohun tó san owó rẹ̀. Púpọ̀ nínú kòkó náà ló gba àárín odi òkúta méjì yẹn kọjá lọ sí òkè òkun. Kò sí ẹni tó ṣe é pẹ̀lú èrò ibi, kò sì sí àgbẹ̀ kan ní ìlú Ìbàdàn tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ohun tí kòkó kọ́, ó yẹ kí a ka ohun tí kíkó rẹ̀ lọ wó pẹ̀lú.

Bar Beach kò tíì tán nígbà náà. Ìdí tó fi dùn mọ́ àwọn ènìyàn ni pé ibẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dé Erékùṣù Victoria lè rìn tààrà dé etí omi láìsan kọ́bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ inú ìjọ máa ń háyà ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn Aládùúrà máa ń wọ aṣọ funfun lọ gbàdúrà níbẹ̀, wọn a máa gbọ́ ohùn ìgbì bí ẹni gbọ́ ohùn Ẹ̀mí. Ìwà àwọn wòlíì etíkun yìí gan-an ni Wole Soyinka fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré rẹ̀, The Trials of Brother Jero. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà, nínú gbọ̀ngàn ìjẹun Mellanby Hall, ní oṣù Kẹrin ọdún 1960. Àwọn òǹwòran tó jókòó nínú gbọ̀ngàn náà, ní iwájú Agbówó tòní, ń rẹ́rìn-ín sí àwọn wòlíì tó ń du ilẹ̀ iyanrìn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òkun ń gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn Bar Beach kí a fo ọdún 1971. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun pàṣẹ pé ikú ni èrè ìdigunjalè, ó sì mú etíkun yìí ní ibi tí wọn yóò ti máa yìnbọn pa àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n pa Ishola Oyenusi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló péjọ wò ó, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn sì gbé ìyókù dé ilé àwọn tí kò lè wá. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà ní àkókò yẹn, orúkọ Bar Beach túmọ̀ sí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ibi àgbàdo sísun àti ẹṣin gígùn, àti ibi àgbá tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́. Àwọn òbí ní Ìbàdàn a sì fi dẹ́rù ba ọmọ tó bá ń jalè.

Ní òdìkejì omi, ìtàn mìíràn ń lọ. Tarkwa Bay, tó farapamọ́ sẹ́yìn odi ìwọ̀-oòrùn, jẹ́ ọmọ òkúta wọ̀nyẹn. Odi ló gba ìgbì líle dúró kí omi inú rẹ̀ lè parọ́rọ́, òun náà ló sì mú kí ìgbì tó ń bọ̀ láti ìta máa yí dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú ìgbì tí ẹni tó bá ní pátákó lè gùn. Nígbà tí Bruce Brown, ará Amẹ́ríkà, ń ya fíìmù The Endless Summer, tó wá gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé ní ọdún 1966, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Mike Hynson àti Robert August, gba Senegal, Gánà àti Èkó kọjá kí wọ́n tó lọ sí Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà. Fíìmù náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbé eré orí ìgbì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àṣìṣe gbáà ni. Ní àárín àwọn ọdún 1830, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, James Alexander, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n ń wẹ̀ wọ inú òkun pẹ̀lú pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì, tí wọ́n sì ń gùn ún padà sí èbúté. Kevin Dawson, onímọ̀ ìtàn, kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ láti oríṣiríṣi ìlú etíkun sínú ìwé rẹ̀, Undercurrents of Power, ní ọdún 2018. Eré orí ìgbì ti wà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kí Ọsirélíà tó mọ̀ ọ́n dáadáa: ìgbà tí Duke Kahanamoku, ọmọ bíbí Hawaii, fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ní etíkun Freshwater ní ìlú Sydney, láàárín ìparí ọdún 1914 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915, ló tó di gbajúgbajà níbẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ọsirélíà máa ń fi àwòrán etíkun tó rẹwà ránṣẹ́ sílé, ẹni tó ń wò ó ní Bódìjà a sì máa rò pé Ọlọ́run ló fi tiwọn jíǹkí wọn.

Ọlọ́run kọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Gold Coast, ní Ìpínlẹ̀ Queensland, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n na odi òkúta ẹnu odò Tweed síwájú kí ọkọ̀ lè máa wọlé láìséwu. Yanrìn tó ń rìn lọ sí àríwá dúró sẹ́yìn odi. Etíkun Kirra àti Coolangatta bẹ̀rẹ̀ sí í rù, nígbà tí ìjì líle sì dé ní ọdún 1967, òkun gbé púpọ̀ nínú wọn lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn jọ tọwọ́ bọ ìwé, wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, láti ọdún 2001 ni ẹ̀rọ náà sì ti ń fa yanrìn láti ẹ̀yìn odi, tó ń gba inú páìpù gbé e kọjá lábẹ́ odò sí òdìkejì. Wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan tilẹ̀ ń ráhùn pé yanrìn ti wá pọ̀ jù ní Kirra, pé ìgbì ibẹ̀ kò dùn ún gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìráhùn tí ará Èkó kò bá sanwó kí ó lè ní.

Ní Bar Beach, yanrìn ni wọ́n kàn ń dà. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974 sí 1975, wọ́n kó yanrìn tó tó mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà síbẹ̀. Òkun kó o lọ. Wọ́n tún un dà ní ọdún 1981, wọ́n tún un dà láàárín àwọn ọdún 1980 àti 1990, òkun ò sì jẹ́ kí ó pẹ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: ẹni tó ń pọn omi sínú agbada tó jò, tí kò sì dí ojú ihò, kò ní sinmi. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, omi ti ń gun òpópónà Ahmadu Bello, ó ń wọ ọgbà àwọn ilé ńláńlá, àwọn tó ń gbé Erékùṣù Victoria sì ń bẹ̀rù.

Ojútùú tí wọ́n wá yàn kì í ṣe láti dá etíkun padà. Wọ́n pinnu láti mọ odi ńlá sínú òkun, kí wọ́n fi yanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ìlú aládàáni sórí rẹ̀. Eko Atlantic ni wọ́n pè é, wọ́n wéwèé pé yóò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 10. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, wà níbi ayẹyẹ rẹ̀. Lóòótọ́, òpópónà tí omi ń gùn tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ Agbówó ti máa ń dúró lẹ́sẹ̀ òfo ní ọjọ́ Kérésìmesì ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ńlá tà. Ní òdìkejì, ní ìlà-oòrùn odi tuntun náà, àwọn ará abúlé Okun Alfa ní Lẹ́kkí ti ń kígbe fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òkun ń jẹ ilé, ọ̀nà àti òpó iná wọn. Ẹni tó bá ti ka ìtàn odi àkọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn fi yẹ ní gbígbọ́.

Etíkun tó kù fún àlejò láti Ìbàdàn kò pọ̀, ó sì ní ẹnubodè. Ní Ẹlẹ́gùṣì àti ní àwọn ibòmíràn ní Lẹ́kkí, ènìyàn gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó wọlé, owó ìjókòó sì yàtọ̀ sí i. Ní ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ òpópónà etíkun tó ń lọ láti Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó lára àwọn ibi ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. Tarkwa Bay náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní oṣù Kíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nínú ilé wọn níbẹ̀, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni. Lára àwọn tí wọ́n lé ni àwọn ọmọ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì láti kékeré.

Láti ọdún 2021, ọ̀nà irin tuntun, kìlómítà 157, ti so Ìbàdàn mọ́ Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo òkun lè wọ ọkọ̀ ní Mọníyà ní òwúrọ̀, kó sọ̀kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, kó wọ mọ́tò dé etí ọ̀sà, kó wọ ẹ̀wù aléfòó, kí ọkọ̀ ojú omi sì gbé e kọjá, nítorí kò sí títì tó dé Tarkwa Bay. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń sún mọ́ ẹnu òkun, yóò rí ọkọ̀ ńláńlá tó ń wọlé láàárín odi méjèèjì. Àwọn ọmọ tó padà wá lẹ́yìn ọdún 2020 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó wọn. Ẹ̀gbẹ́ odi òkúta ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n máa ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìgbì ti dára jù.